Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ ní Kamẹrúùnù: ànkárá ni àbí tíṣáàtì?

Lọ́jọ́ 1 oṣù Karùn-ún, àwọn òṣìṣẹ́ Kamẹrúùnù máa ń wọ aṣọ kan náà yan níwájú àwọn aláṣẹ, kí wọ́n tó lọ jẹ, kí wọ́n sì mu.

Tíṣáàtì kò wọ́n, kò sì nílò télọ̀, ṣùgbọ́n àmì ilé-iṣẹ́ ara rẹ̀ máa ń tètè ṣí. Ànkárá ń gba owó aṣọ àti owó ìránṣọ, télọ̀ tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ sì lè já ni kulẹ̀. Síbẹ̀, ó níyì lójú mi: bí aṣọ ẹbí tiwa, ó ṣeé wọ lọ sóde mìíràn.

Bí ilé-iṣẹ́ bá tètè fún yín láṣọ, ẹ rán an. Bí ọjọ́ bá ti sún mọ́, tàbí owó oṣù kò tíì wọlé, tíṣáàtì tó.