Ẹsẹ̀ Mi Nìkan Ló Sùn: Ohun Tí Ojú Mi Rí Nígbà Iṣẹ́ Abẹ Ìpá

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sá fún iṣẹ́ abẹ ìpá yìí. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ní mo fẹ́ wa iṣu mi tán ná. Lẹ́ẹ̀kejì, mi ò tilẹ̀ wá àwáwí, mo pa fóònù ni. Kì í ṣe abẹ ni mo ń bẹ̀rù o. Ọ̀rọ̀ "a óò kùn yín lóorun" tí dókítà sọ ni. Lọ́dọ̀ wa ní Kàbbà, bí ẹ bá rí ìwé ìkéde òkú lára ògiri, "Ó sùn nínú Olúwa" ni wọ́n máa ń kọ sí i. Ẹ wá ní kí èmi lọ sùn lórí tábìlì tíátà!

Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń fúnni lábẹ́rẹ́ oorun ni mo torí ẹ̀ kọ èyí. Lálẹ́ tí ilẹ̀ máa mọ́ tí wọ́n máa ṣe é, ó gbé àga, ó jókòó. Àwọn tó kù, orí ìdúró ni wọ́n ti ń sọ "ẹ má bẹ̀rù," tí wọ́n á sì kọjá. Òun kí mi bí a ṣe ń kíra lọ́dọ̀ wa, ó ní, "Okun o, bàbá. Kí ló ń dẹ́rù bà yín gan-an?"

Mo sọ ti oorun. Mo sọ ti ọkùnrin kan ní ìlú Ìyàrà tí wọ́n ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn sọ di arọ. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní ti ìpá tèmi, kò pọn dandan kí n sùn, láti ìbàdí wá sísàlẹ̀ nìkan ni oògùn máa mú kú. Ó mú ìka mi, ó fi kan egungun ẹ̀yìn mi, ó ní okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn àgbàlagbà ti parí sókè níbí, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń gbà wọlé. Ó ní ẹ̀fọ́rí lè tẹ̀lé e, ìfúnpá sì lè wálẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ta omi sí mi lára. Ibi tó ti sọ ìyẹn ni mo ti gbà á gbọ́. Ẹni tó bá ní kò séwu rárá, mo mọ̀ pé ó ń tàn mí ni.

Ó bi mí nípa oògùn ìfúnpá, sìgá, eyín àtọwọ́dá, àgbo. Mo fẹ́ purọ́ nípa àgbo. Ìyàwó mi wò mí, mo jẹ́wọ́.

Mo wá béèrè pé, "Bó bá di pé kí n sùn ńkọ́, ta ló máa ṣọ́ mi?"

"Èmi ni. Mi ò ní kúrò nígbèrí yín títí ẹ ó fi jí."

Gbogbo ìgbà tí mo fi ń sá, kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi! Èrò mi ni pé wọ́n á gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n á bá tiwọn lọ.

Ní tíátà, wọ́n ní kí n jókòó, kí n tẹ ẹ̀yìn kọdọrọ. Spírítì tí wọ́n fi nù mí lẹ́yìn bà mí lẹ́rù ju abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ mi gbóná, ó wúwo. Nọ́ọ̀sì yẹn fi òwú tútù kàn mí nítan, mi ò mọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ń fà mí síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ẹni ń wá owó nínú àpò ṣòkòtò tí mo wọ̀, àmọ́ kò sí ìrora. Nígbà tó yá, mo gbọ̀n pẹpẹ, wọ́n fi aṣọ bò mí. Ó tó wákàtí mẹ́ta kí ẹsẹ̀ tó padà di tèmi.

Ẹjọ́ mi rèé. Nọ́ọ̀sì abẹ́rẹ́ oorun yẹn ti ní kí n má jẹun fún wákàtí 6 ṣáájú, ṣùgbọ́n mo lè mu omi lásán títí yóò fi ku wákàtí 2. Àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ò gbà. Agogo 10 alẹ́ ni wọ́n ti gba ife lọ́wọ́ mi, agogo 11 òwúrọ̀ ni wọ́n tó gbé mi wọlé! Wọ́n tún bi mí léèrè bí mo ṣe ń tọ̀ lójú gbogbo wọ́ọ̀dù. Kí ló sì dé tí wọn ò jẹ́ kí n rí nọ́ọ̀sì yìí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá ọjọ́ fún mi? N ò bá má ti sá.

Ìràwọ̀ 5 fún nọ́ọ̀sì yẹn, 3 fún ilé ìwòsàn. Iṣu náà, ọmọ mi ló wà á. Wọ́n ní mi ò tíì gbọdọ̀ gbé nǹkan tó wúwo.