Wọ́n ṣe "Irish Night" ní Bódìjà: ọbẹ̀ wọn gbayì, àwàdà wọn ló kù díẹ̀ káàtó

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti oúnjẹ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, torí mo mọ̀ pé ohun tí àwọn kan nínú yín fẹ́ gbọ́ ò ju ṣé kẹ́ ẹ lọ àbí kẹ́ ẹ má lọ. Ẹ lọ. Ọbẹ̀ tí wọ́n pè ní Irish stew yẹn, ẹran àgùntàn ni wọ́n fi sè é, wọ́n kó Irish potato tó ti Jos wá sí i, wọ́n kó kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà sí i, wọ́n wá fi iná jẹ́jẹ́ sè é títí ẹran fi ń bọ́ kúrò lára eegun fúnra ẹ̀. Àwọn tó lọbẹ̀ ní Áyálándì kì í fata sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dáná níbẹ̀ ti rántí pé Ìbàdàn la wà, ó ti gún rodo sí i, kí Ọlọ́run bá mi bù kún un. ₦9,500 ni àwo kan, ó wọ́n, mi ò purọ́, àmọ́ àwo yẹn kún. Ásùn wọn náà dáa, ó ta sánsán.

Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ ṣá. Àwọn tó ń gba àdúgbò yẹn kọjá lálẹ́ á ti mọ̀ ọ́n. Nítorí 17 March tí í ṣe ọjọ́ Patrick Mímọ́ ni wọ́n ṣe ṣe àríyá náà, ₦5,000 lẹ́nu géètì, wọ́n á fún yín ní ìgò kan, gbogbo ilé wá jẹ́ kìkì gíríìnì, bàlúùnù gíríìnì, iná gíríìnì, bíà tí wọ́n da kọ́lọ̀ gíríìnì sí tí mi ò jẹ́ fẹnu kàn. Ká ní ẹnì kan nínú wọn ka ìwé díẹ̀ ni, ìtàn pọ̀ níbẹ̀ tí wọn ì bá sọ fún wa. Patrick fúnra ẹ̀ kì í ṣe ọmọ Áyálándì, ilẹ̀ Bìrìtéènì làwọn ajínigbé ti gbé e nígbà tó wà ní bí ọmọ ọdún 16, wọ́n sọ ọ́ dẹrú, ó ń da ẹran fún wọn, kó tó sá lọ tó sì tún padà wá wàásù fún wọn. Láti 1961, òun náà ni ẹni mímọ́ alábòójútó fún Nàìjíríà wa yìí lọ́dọ̀ àwọn Kátólíìkì. Ṣẹ́ ẹ rí i, ó kàn wá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Ohun tí wọ́n fún wa ni MC. Irùngbọ̀n pupa ló lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n, àtaṣímẹ̀ǹtì ni, èyí tí wọ́n fi ń dirun lọ́jà, wọ́n gé e gígùn-kúkurú wọ́n wá fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, ooru sì mú lọ́jọ́ yẹn, ni gúlúù bá ń yọ́, ni bùrọ̀dá bá ń fi ọwọ́ kan di máìkì mú tó ń fi ọwọ́ kejì ti irùngbọ̀n padà sí àyè ẹ̀, ó ń họra, fìlà páálí gíríìnì tó dé ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí. Leprechaun lòun, iwin kúkúrú inú àlọ́ àwọn Áírìṣì tó máa ń ran bàtà tó sì máa ń fi góòlù pamọ́, ẹni tó bá mú un á di olówó, bíi egbére wa pẹ̀lú ẹní ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìyẹn ò bí mi nínú rárá. Àwọn Áírìṣì fúnra wọn ní mùsíọ́ọ̀mù leprechaun ní Dublin, wọ́n ń fi gba owó lọ́wọ́ àlejò.

Ìgbà tó di eré ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. MC ní ẹni tó bá lè ṣe bí Áírìṣì tó ti mutí yó jù lọ á gba ìgò méjì lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọkùnrin bá jáde, èyí ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, èyí ń ju ẹ̀ṣẹ́ sí afẹ́fẹ́, ọ̀kan lọ já lu sípíkà, àwọn èèyàn ń pariwo "Fighting Irish!" Ọkọ ọ̀rẹ́ mi tá a jọ jókòó rí ojú mi, wọ́n ní, "Màmá Ìbejì, kí ló wá kàn yín níbẹ̀? Òyìnbó ló ń fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́ látọjọ́ tó ti pẹ́, àwa kàn ń bá wọn rẹ́rìn-ín ni. Áírìṣì wo ló wà níbí tó máa bínú?"

Mo ní ẹ gbọ́ ná, Dádì. Bàbá yín tí ẹ máa ń sọ pé fadá Áírìṣì ló kọ́ wọn níwèé, ṣé bí fadá yẹn ṣe máa ń já lu sípíkà ni wọ́n sọ fún yín? Bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn níbí, Richard Finn, ọmọ Áyálándì ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní fadá náà máa ń mu tiẹ̀ o. A jọ rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ọtí yìí dáadáa, torí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Gbogbo àwọn tó ń fi Áírìṣì ṣe ọ̀mùtí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, stout ló wà lọ́wọ́ wọn, stout tiwa, èyí tí wọ́n ti ń pọn ní Ìkẹjà láti 1962. Tiwa yìí, 7.5 nínú 100 ni agbára ẹ̀, èyí tí wọ́n ń fà látinú ẹ̀rọ ní pọ́ọ̀bù ní Dublin ò ju bíi 4 lọ. Ta wá ni ọ̀mùtí? Lórílẹ̀-èdè wọn lọ́hùn-ún, láti àwọn ọdún 1920 títí di nǹkan bí 1960, òfin ló ti pọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ Patrick, ọjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Fadá wọn kan wà ní Cork, Theobald Mathew, tó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ẹ má mutí mọ́ ní 1838, tí èrò rẹpẹtẹ sì búra lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyẹn ò ní wọ pósítà ṣá.

Èmi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé kéèyàn máa bínú sí gbogbo yẹ̀yẹ́. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Wọ́n ní kò sílùú tí ò lárùn tiẹ̀, ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn, àwa fúnra wa la ń sọ ọ́, tá a tún ń yan lé e lórí. Ọmọ ajòrosùn, ọmọ ajẹ̀gbín-yó, ọmọ afìkarahun-fọ́rí-mu, oríkì wa ni, ìyá mi á kì mí bẹ́ẹ̀ orí á wú. Bí Ìjẹ̀bú tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bá fi ṣe mí, èmi náà á fi owó bù ú padà, ó parí. Àmọ́ kí lańdílọ́ọ̀dù l'Ékòó gbọ́ pé Ìbàdàn ni mo ti wá, kó ní òun ò fẹ́ oníjà nínú ilé òun, ìyẹn ti kúrò lẹ́nu, ó ti dé ibi tó ń dunni.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí àwọn Áírìṣì gan-an nìyẹn, kì í ṣe àsọdùn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìwé ìròyìn Punch ní London máa ń yà wọ́n bí ìnàkí, ní 1882 wọ́n tiẹ̀ ya Áírìṣì bí abàmì òǹrorò tó mú ọ̀bẹ dání. Wọ́n ń kọ ọ́ sára ìpolówó iṣẹ́ pé kí Áírìṣì má wulẹ̀ wá. Nígbà tí ìyàn mú láti 1845 sí 1852, tí Irish potato wọn jẹrà nínú ilẹ̀, èèyàn bíi mílíọ̀nù kan kú, àwọn kan nínú àwọn aláṣẹ ní London sì ń sọ pé ọ̀lẹ ló ń dà wọ́n láàmú. Nígbà tí bọ́ǹbù bú ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1974, wọ́n kó ọkùnrin Áírìṣì mẹ́fà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ọdún 16 ni wọ́n fi jókòó sẹ́wọ̀n kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀ ní 1991. Yẹ̀yẹ́ ò dá ṣe gbogbo ìyẹn o, mi ò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fi ọdún gbọọrọ sọ fún aráyé pé oníjàgídíjàgan lẹnì kan, ìdájọ́ ẹ̀ kì í pẹ́. Àwa tí ẹ̀ṣọ́ ń yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní éápọ́ọ̀tù torí páásípọ́ọ̀tù gíríìnì, tí wọ́n á ní yahoo ni wá, ó yẹ kó yé wa ju ẹlòmíì lọ. Kí pọ́ọ̀bù kan ní Dublin ṣe "Naija Night" tí ẹni tó bá lè lu jìbìtì jù á gba ìgò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó rí ariwo tí a máa pa.

Síbẹ̀ eré ọ̀mùtí yẹn, ó kàn sú mi ni, kò bí mi nínú. Orúkọ ọtí kan tó wà nínú mẹ́nù ni mo bá wọn jà lé. "Irish Car Bomb", ₦8,000. Stout, Baileys àti wisikí ni wọ́n pò pọ̀, Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo pe ọmọ tó ń gbé oúnjẹ fún wa, mo ní ṣó o mọ̀ pé ní 17 May 1974 bọ́ǹbù inú ọkọ̀ pa èèyàn 33 ní Dublin àti Monaghan? Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti rí i, ọ̀gá ló ní ká kọ ọ́." Ọmọ yẹn ò lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ẹ̀, ṣé kò sí ní Bódìjà yìí ní 16 January 2024 ni? Nígbà tí ohun abúgbàù tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé bú, tí ilé wó, tí èèyàn kú, tí fèrèsé ń mì káàkiri ìgboro? Kí ẹnì kan ní London wá po ọtí kó pè é ní "Bodija Blast", kó fi àwòrán èèyàn tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ọkọ ọ̀rẹ́ mi ò sọ nǹkan kan mọ́ níbẹ̀, wọ́n kàn ń fi ṣíbí ro ọbẹ̀ wọn.

Máníjà wá, ó bọ̀wọ̀ fún wa dáadáa, ó ní òun á sọ fún ọ̀gá. Ó gbé ásùn kékeré kan wá lọ́fẹ̀ẹ́, mo jẹ ẹ́.

Ìtọ́jú èrò wọn dáa, jẹnẹrétọ̀ wọn ò gbin, ilé ìyàgbẹ́ mọ́, omi ń ṣẹ̀. Ìwúre tèmi ni pé kí wọ́n máa se ọbẹ̀ yẹn lọ́jọ́ tí kì í ṣe ti àríyá, mo bi wọ́n, wọ́n ní ọjọ́ Friday nìkan ni. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ tètè dé kó tó di aago méje alẹ́, torí páákì ò gbà ju ọkọ̀ mélòó kan, àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ mọ́tò níta á sì máa béèrè ₦1,000. POS wọn máa ń kọṣẹ́, ẹ mú káàṣì dání.