Oògùn ibà alápapọ̀: lumefantrine, piperaquine tàbí amodiaquine?

Ẹ wọ kẹ́míìsì ní Kàbbà, ẹ ní oògùn ibà lẹ fẹ́ rà: iye tí ẹ fẹ́ ná ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín. Lójú tèmi, owó kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gún yín níka, kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ṣe tẹ́ẹ̀sì. Tó bá jẹ́ ibà lóòótọ́, oúnjẹ tí ẹ máa jẹ àti bí ọjọ́ yín ṣe ń lọ ló máa sọ èyí tí ẹ máa rà.

Oògùn tí wọ́n mú jáde láti ara artemisinin wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ara ewé Artemisia annua ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Tu Youyou, ará Ṣáínà, ló gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2015. Kíá ló ń pa kòkòrò ibà, àmọ́ kì í pẹ́ lára: láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so oògùn kejì mọ́ ọn, kó pa èyí tó bá ṣẹ́kù. Oògùn kejì yìí ni gbogbo ìyàtọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ta artesunate oníhóró lásán fún yín, ẹ dá a padà.

Artemether pẹ̀lú lumefantrine (Coartem, Lonart, Amatem) ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì sábà máa ń dínwó. Hóró 24 ni àgbàlagbà ń lò: mẹ́rin, mẹ́rin mìíràn lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà mẹ́rin láàárọ̀ àti mẹ́rin lálẹ́ fún ọjọ́ méjì. Oníhóró ńlá kò ju mẹ́fà lọ. Lumefantrine fẹ́ ọ̀rá, nítorí náà ẹ̀kọ mímu lásán kò tó. Iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí dára. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ korò lè fi mílíìkì gbé e. Ẹni tó wà nílé ló bá mu. Ẹni tó ń jí lọ sóko iṣu ní Búnú, tí kì í dé títí ilẹ̀ fi ṣú, òun ló ń gbàgbé, òun náà ló ń fi ìyókù pamọ́ de ibà mìíràn. Aláboyún tí oyún rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta, èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí fún un láti 2022, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ rí nọ́ọ̀sì.

Dihydroartemisinin pẹ̀lú piperaquine (P-Alaxin) wọ́n díẹ̀, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni, fún ọjọ́ mẹ́ta. Fún alóko, òun ni màá rà. Piperaquine máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè dènà ibà tuntun tó nǹkan bí oṣù kan. Lumefantrine kò ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yí padà níbí: ẹ má fi oúnjẹ ọlọ́ràá gbé e. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé, kó má fọwọ́ kàn án. Ẹ bojú wo ìwọ̀n ara yín pẹ̀lú. Páálí oníhóró mẹ́sàn-án, mẹ́ta lójúmọ́, ẹni tó tó kìlógíráàmù 36 àmọ́ tí kò tó 60 ló wà fún. Láti 60 títí dé ìsàlẹ̀ 80, mẹ́rin lójúmọ́ ni ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ; láti 80 lọ sókè, márùn-ún ni. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tó bá ra páálí kan ṣoṣo, oògùn rẹ̀ kò pé.

Artesunate pẹ̀lú amodiaquine (Camosunate) náà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ara rọ, ó sì máa ń mú kí èébì gbé àwọn mìíràn. Ẹ má rà á bí ẹ bá fẹ́ kọ ebè lọ́la. Ẹni tó bá ń lo efavirenz tàbí zidovudine, tí wọ́n jẹ́ oògùn HIV, kó yẹra fún un.

Àwọn kan á ní, ṣebí ewé ni, kí la ṣe máa rà á? Àgbo Artemisia kò ní ìwọ̀n kan pàtó, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò sì fọwọ́ sí i. Dongóyárò kì í sì í ṣe Artemisia.

Ọmọ tí gìrì mú, tàbí tó ń bì gbogbo ohun tó bá gbé mì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Abẹ́rẹ́ artesunate ló nílò.

Bí ẹ bá ti yan èyí tí ẹ fẹ́, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Bí ibi tí a ń ha bá wà lára páálí, ẹ ha á, kí ẹ fi nọ́ńbà inú rẹ̀ ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Páálí tó ti jókòó sójú wíńdò níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń pa á, ẹ ní kí wọ́n mú òmíràn wá láti inú.