Girona àbí Menorca: ibo ni kí ẹ náwó kẹ̀kẹ́ yín sí?

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ gun kẹ̀kẹ́ nínú igbó tó yí Girona ká. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé Menorca. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé adájọ́ tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ẹjọ́ ni mí. Agbègbè Òkun Mẹditaréníà ni ibi méjèèjì wà, abẹ́ Sípéènì ni wọ́n wà, èdè Catalan ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ọ̀kan ní orí ilẹ̀, èkejì ní erékùṣù. Tó bá ti di oṣù kejì, tí òtútù Lọ́ńdọ̀nù ti sú àwọn tí a jọ ń gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí: "Èwo ni kí n sanwó fún?" Mo kọ èyí kí n lè sinmi ìpè. N kò ní sọ fún yín pé òkun ibẹ̀ dúdú bí aró tàbí pé oòrùn wà. Ẹ ti rí fọ́tò.

Ohun tí ẹ ń rà gan-an

Ní Girona, ìlú lẹ ń rà. Ẹ ó máa jáde láàárọ̀, ẹ ó máa padà lálẹ́, ọ̀nà ọ̀tọ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀nà tó rọrùn jù níbẹ̀ jẹ́ ti ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tó kógbá sílé ní 1969. Ní báyìí, kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ ló ni ín, bíi kìlómítà 40 láti Girona dé etí òkun ní Sant Feliu de Guíxols, kò sì sí òkè tó lè mú yín mí hẹlẹ. Bí ẹ bá fẹ́ òkè, ẹ ya sínú Les Gavarres. Kò ga tó mítà 550, ṣùgbọ́n ọ̀nà inú rẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀ka igi, igi kọ́ọ̀kì ló sì kún ibẹ̀. Èèpo rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ìdérí ìgò wáìnì. Igi tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, ìdí rẹ̀ á pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún, òkè rẹ̀ á ṣì wọ aṣọ eérú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé ẹnì kan ló ń kun igi.

Ní Menorca, ohun kan ṣoṣo lẹ ń rà: Camí de Cavalls, Ọ̀nà Ẹṣin, kìlómítà 185 tó yí erékùṣù náà po. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló ń gun ẹṣin gba ibẹ̀ láyé àtijọ́ láti máa ṣọ́ ajalèlókun. Nígbà tó yá, àwọn onílẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ apá ibi tó pọ̀, ará ìlú ní àwọn kò gbà, òfin jáde ní 2000 pé ọ̀nà gbogbo ènìyàn ni, wọ́n sì ṣí gbogbo rẹ̀ ní 2010. Kí n má purọ́, ìtàn yẹn dùn mọ́ mi ju ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ lọ.

Táyà

Ẹ jẹ́ kí n jókòó síbí díẹ̀, torí ibí ni owó mi lọ.

Mo yá kẹ̀kẹ́ ní Menorca lọ́wọ́ àwọn kan tí n kò ní dárúkọ. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ní táyà tó fẹ̀ ní mílímítà 38 tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe é. Mo gbà, torí pé mílímítà 38 náà ni mo fi ń gun Gavarres láìsí wàhálà. Mo rò pé òkúta ni òkúta.

Òkúta Gavarres ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di yanrìn. Sauló ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àpáta tó ti jẹrà di hóró wẹ́wẹ́. Bí táyà bá tẹ̀ ẹ́, á yẹ̀ fún un. Òkúta àríwá Menorca kì í yẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Abala abala ló dúró, etí rẹ̀ mú bí abẹ, ó sì fi ara pamọ́ sínú ilẹ̀ pupa tó jọ ti ilé wa, débi pé ọkàn ẹni á balẹ̀.

Ọjọ́ kejì, láàárín Els Alocs àti Algaiarens, etíkun méjì ní àríwá Menorca, mo ń sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, n kò sáré rárá. Mo gbọ́ "fùùù", bí ìgbà tí kẹ́tùlù bá fẹ́ hó. Omi funfun inú táyà, èyí tí wọ́n ní ó ń dí ihò fúnra rẹ̀, tú sí mi lójúgun bí ẹ̀kọ mímu. Ihò tí ẹ̀gún bá lu ní àárín táyà ni omi yẹn mọ̀ ọ́n dí. Ẹ̀gbẹ́ táyà tèmi ló ya, ó gùn tó èékánná àtàǹpàkò. Mo ki okùn rọ́bà bọ̀ ọ́, ó pọ̀ ọ́ jáde. Mo ki méjì, ó pọ méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n tí a jọ lọ, tí wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ kí n tó dé Lọ́ńdọ̀nù, ti jókòó sórí àpáta, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì.

"Àbúrò, ṣé owó bébà wà lọ́wọ́ ẹ?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta la fẹ́ sanwó fún nínú igbó yìí?"

"Mú yúrò 5 wá."

Wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó ya láti inú, wọ́n to túúbù lé e, wọ́n ní kí n fẹ́ ẹ níwọ̀nba. Owó náà dúró. Túúbù ni kò dúró. A kò tíì lọ tó kìlómítà méjì tí òkúta mìíràn fi bá rímù jà, túúbù bẹ́, a ò sì ní òmíràn tó bá a mu.

A fẹsẹ̀ rìn padà sí Els Alocs, torí ibẹ̀ ni ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà wà. Mo ń ti kẹ̀kẹ́ bí ọmọlanke, àfi pé ọmọlanke ní táyà. Níbi tí wọ́n gbẹ́ àtẹ̀gùn sí lára òkè, mo gbé e léjìká. Ní ẹnu ilẹ̀kùn onígi olífì ìgbẹ́, tí igi rẹ̀ lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ẹ ó ṣí i, ẹ ó fi ìdí dá a dúró, ẹ ó fa kẹ̀kẹ́ kọjá, ẹ ó sì padà tì í nítorí ẹran ọ̀sìn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń ka àwọn ilẹ̀kùn yẹn. Mo kà á dé 31, mo jáwọ́.

Takisí dé ìlú Ciutadella gba yúrò 75, ẹni tó wà á sì kọ́kọ́ kọ̀ láti gba kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rùpẹ̀ sínú ọkọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni, kò sí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ kan tí a rí tó ṣí. Nígbà tí mo dá kẹ̀kẹ́ padà, wọ́n yọ yúrò 140 nínú 300 tí mo fi dúró. Wọ́n fi ìlà kan hàn mí nísàlẹ̀ ìwé: ìnṣọ́ránsì kò kan táyà àti rímù. Yúrò 8 lójúmọ́ ni mo san fún ìnṣọ́ránsì yẹn. Ní erékùṣù òkúta, kí ló tún kù lára kẹ̀kẹ́ tó lè bàjẹ́?

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ sí Menorca, ẹ má gba ohun tó bá kéré sí mílímítà 45, kí ẹ sì fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà náà wò. Tó bá rọ̀ bí àpò ọ̀rá, ẹ dá a padà. Kẹ̀kẹ́ orí òkè tí fọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀ ní sípíríǹgì sàn ju kẹ̀kẹ́ gravel, ti ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́, lọ níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgbéraga tàn yín. Túúbù méjì lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ ìwé, ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ní Girona, mílímítà 40 ti tó, bí ẹ bá sì gbàgbé túúbù, ẹlòmíràn á kọjá. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun ló ń gbé ìlú yẹn, ṣọ́ọ̀bù àti ẹni tó mọ iṣẹ́ sì wà káàkiri. Ṣéènì mi já lẹ́bàá Cassà de la Selva lọ́dún kan. Mo ti kẹ̀kẹ́ wọ ìlú, wọ́n bá mi so ó, mo sì tún bá ẹgbẹ́ mi nídìí oúnjẹ ọ̀sán.

Èyí tó kù

Òkun: kí á fún ẹlẹ́tọ̀ọ́ lẹ́tọ̀ọ́, Menorca borí. Òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí yín níbẹ̀. Ní Favàritx, òkúta dúdú yí ilé iná àwọn atukọ̀ ká bí ibi tí iná jó, àwa méjèèjì sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní ìhà Girona, ọ̀nà Camí de Ronda tó ń bá etí òkun lọ lórí àpáta, ti ẹlẹ́sẹ̀ ni. Inú igbó lẹ ó ti gun kẹ̀kẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó wá rí omi níkẹyìn. Bí ẹ bá fẹ́ àpáta gidi níbẹ̀, Cap de Creus ni, lókè Cadaqués, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọlọ́dà ló pọ̀ jù nínú ọ̀nà tó dé ibẹ̀.

Atẹ́gùn: tramuntana ń fẹ́ láti àríwá ní ibi méjèèjì. Igbó ń gbà á fún yín ní Gavarres. Ní àríwá Menorca, ẹ wo igi olífì ìgbẹ́, gbogbo wọn ti tẹ̀ sí gúúsù, ẹ ó mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá yín.

Omi mímu: ẹ gbé lítà mẹ́ta fún àríwá Menorca. Ní Girona, ẹ ó kan abúlé.

Dídé ibẹ̀: ọkọ̀ òfúrufú wà láti Lọ́ńdọ̀nù sí méjèèjì, ọkọ̀ ojú omi sì ń ti Barcelona lọ sí Menorca. Láti Barcelona dé Girona, ọkọ̀ ojú irin tó yára á gbé yín dé ní bí ìṣẹ́jú 40, ṣùgbọ́n bí kẹ̀kẹ́ yín kò bá sí nínú àpò, èyí tó ń rọra lọ ni kí ẹ wọ̀.

Oúnjẹ: wàràkàṣì Maó ti Menorca dára. Xuixo Girona, ìyẹ̀fun díndín tí wọ́n ki kírímù sí nínú, lè mú kí ẹ gbàgbé pọ́fúpọ́fù fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Àsìkò: oṣù kẹrin, ìkarùn-ún tàbí ìkẹwàá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìjọba Catalonia máa ń ti ọ̀nà inú igbó pa nígbà tí ewu iná bá ga, èyí sì lè ba ìrìn àjò Girona jẹ́ pátápátá. Menorca kì í sábà tì, àmọ́ àwọn arìnrìn-àjò á kún ọ̀nà, ẹlẹ́sẹ̀ ló sì ni í ṣáájú.

Ó di ọwọ́ yín

Ibi méjèèjì dára, n kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Bí ẹ bá ti mọ kẹ̀kẹ́ orí òkè tẹ́lẹ̀, tí ẹ ní ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún gbáko, tí ẹnìkejì yín kì í tètè bínú, tí ẹ sì lè gbé kẹ̀kẹ́ léjìká láìráhùn, ẹ lọ sí Menorca. Bí ẹ bá ní kẹ̀kẹ́ àti ìsinmi, ẹ lọ sí Girona.

Ẹ̀gbọ́n ní tiwọn ní Menorca làwọn ń padà sí lóṣù kẹwàá, wọ́n ti ra táyà mílímítà 50 sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi yà ní ilé ìyákẹ̀kẹ́ yẹn, kí wọ́n béèrè táyà ẹ̀yìn tí mo lò. Yúrò 5 mi ṣì wà nínú rẹ̀.