Bíìmù olójú méjì àbí olójú kan: ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ họ́ọ̀lù àríyá, ilé ìkẹ́rùsí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá l'Abẹ́òkúta, tí ẹnjiníà ti sọ fún yín pé bíìmù, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣọ́ èéfín (kì í ṣe bíìmù kọnkéré o), lẹ máa lò nínú rẹ̀, oríṣi méjì ló máa gbé síwájú yín. Nínú olójú méjì, ojú kan máa ń ta ìmọ́lẹ̀ tí ènìyàn ò lè rí láti ara ògiri kan, ojú kejì á máa gbà á lára ògiri tó dojú kọ ọ́. Olójú kan ní tirẹ̀, òun náà ló ń ta á, òun náà ló ń gbà á. Dígí pẹlẹbẹ kan, tó jọ èyí tó máa ń tàn lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lóru, ló ń dá a padà láti òdìkejì. Bí èéfín bá bọ́ sáàárín, tí ìmọ́lẹ̀ náà dín kù, aláàmù á dún. Olójú méjì la kọ́kọ́ rà. Olójú kan ló wà lókè báyìí.

Họ́ọ̀lù wa wà lápá Ọ̀bàntokò. Ó gùn ní mítà 42, ó fẹ̀ ní mítà 24, ó sì ga ní mítà 11. Gíga yẹn ló lé àwọn róbótó funfun tó ń ṣọ́ èéfín, tẹ́ ẹ máa ń rí lájà ọ́fíìsì, jáde nínú ọ̀rọ̀ náà. BS 5839, ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnjiníà wa ń tẹ̀ lé, kò gbà kí wọ́n gbé wọn ga ju mítà 10.5 lọ, torí èéfín tó bá gòkè tó bẹ́ẹ̀ á ti fọ́n ká. Bíìmù lè ṣọ́ ibi tó gùn tó mítà 100, á sì máa mójú tó mítà 7.5 lọ́tùn-ún àti 7.5 lósì. Nítorí náà, méjì péré ló kárí ilé wa. Ẹni tó kọ́kọ́ wá wo ilé kọ mẹ́rin sínú ìwé owó rẹ̀. Ìgbà tí mo ní kó yà á sórí bébà fún mi kí n rí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà, ó di méjì.

Lórí èyí, olójú méjì àti olójú kan jọra. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ibi tó lè dé tà á fún yín.

Gígun òkè: ibi tí owó mi bá lọ

Ẹ̀rọ tó bá wà ní mítà 11 lókè, owó kejì ń bẹ lórí rẹ̀ tí olùtajà ò ní kọ sínú ìwé: owó tẹ́ ẹ máa fi gòkè lọ bá a.

Sátidé kan ló bẹ̀rẹ̀. Ìgbéyàwó ń lọ lọ́wọ́, aago méjì ọ̀sán ti lù, iná yẹ́lò tàn lójú pánẹ́ẹ̀lì, àpótí tó ń darí aláàmù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké píì, píì, píì. Kì í ṣe pé ó rí èéfín o. Ohun tó ń wí ni pé òun ò rí ìmọ́lẹ̀ òun dáadáa mọ́. Mo pe ẹnjiníà. Ó dé láàárọ̀ Mọ́ńdè. Kò sí yẹ́lò, kò sí píì.

“Dádì, kò sóhun tó ṣe é.”

Sátidé tó tẹ̀ lé e, aago méjì, píì, píì.

Ẹ jẹ́ n sọ bí gígun ibẹ̀ ṣe rí. Scaffold á wá láti Láfẹ́ńwá nínú píkọ́ọ̀pù. Ẹ máa kó gbogbo àga kúrò, ẹ máa tẹ́ pákó sórí táìsì kí irin má baà fọ́ ọ. Ọmọkùnrin mẹ́rin á fi ìdajì ọjọ́ tò ó dókè lára ògiri kan. Olójú méjì sì lẹ rà, wọ́n á tún to òmíràn sára ògiri kejì. Ẹnì kan á máa yí nọ́ọ̀tì ojú tó ń ta ìmọ́lẹ̀, ẹnì kejì á di tẹ́sítà mú níbi ojú tó ń gbà á, wọ́n á wá máa pariwo síra wọn láti òpin họ́ọ̀lù dé òpin: “Yí i sósì díẹ̀! Tún yí i! Ó tó! Háà, o ti kọjá ẹ̀!” Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé tí ẹni tó wà lókè bá gbọ́wọ́ kúrò lára irin tó fara tì, nọ́ńbà ojú tẹ́sítà á tún já wálẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn ti là wá lójú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ ní ìdí.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la gun ibẹ̀ láàárín oṣù mẹ́jọ. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ìyàwó mi gbé ìwé tó fi ń ṣírò owó họ́ọ̀lù wá, ó fi ìka tọ́ ọ fún mi: owó scaffold nìkan ti ju owó bíìmù méjèèjì lọ. “Olówó orí mi, ṣé ẹ̀rọ la rà ni, àbí àkàbà?”

Wẹ́dà tó ṣe irin òrùlé wa ló tú àṣírí náà. Ó gbójú sókè, ó ní, “Ara kí ni wọ́n so ó mọ́?” Ara irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kan páànù mọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé ẹ kì í gbọ́ bí páànù yín ṣe ń ké kọ̀, kọ̀, kọ̀ lọ́sàn-án ni? Irin ló ń nà yẹn. Tó bá di alẹ́, á tún sún kì.” Àárọ̀ sì ni ẹnjiníà máa ń wá, nígbà tí irin ti tutù tí gbogbo rẹ̀ ti padà síbi tó wà. Mo jókòó ṣírò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà: ojú tó bá yà ní dígírì kan ṣoṣo, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó rin mítà 42, ó ti kúrò lójú àmì ní nǹkan bí sẹ̀ntímítà 73. Ìyẹn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Ojú tó sì ń dúró dè é lọ́hùn-ún ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

A sún wọn lọ sára òpó kọnkéré. Wàhálà náà dín kù gan-an. Kò tán.

Ibí yìí ni olójú kan ti gbà mí sílẹ̀. Dígí rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tẹ́ ẹ fi ń wojú. Bí wọ́n ṣe gé e ni pé bó tilẹ̀ yà díẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá náà ló máa dá a padà sí. Ògiri tó gbé e lè nà, kó sún, kò kàn án. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí títọ́ rẹ̀ máa dà yín láàmú. A tún fowó kún un, a ra irú èyí tó ń yí ojú ara rẹ̀: tó bá ṣìnà, á wá dígí rẹ̀ kiri títí á fi rí i. Àpótí kékeré tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ wà lára ògiri nísàlẹ̀, ó bá mi dé àyà. Ibẹ̀ ni mo ti ń wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pé, ibẹ̀ náà ni ẹnjiníà ti ń dán an wò, tòun ti bàtà rẹ̀ lórí táìsì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e sókè, a ò tíì to scaffold lẹ́ẹ̀kan torí pé ó yà. Nínu eruku nìkan ló ń gbé wa dé ọ̀hún, ìyẹn sì lọ́jọ́ tiẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà, kì í ṣe Sátidé tí ìyàwó wà nílẹ̀.

Olójú méjì kan wà tó ní àpótí nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa rí àléébù rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lóòótọ́, ẹ óò sì gòkè lọ tún un ṣe.

Ẹ̀ṣẹ̀ olójú kan

Mi ò ní pọ́n ọn kọjá bó ṣe yẹ. Olójú kan a máa ṣi nǹkan dídán mú fún dígí rẹ̀. Páìpù ẹ̀rọ amúlétutù wa, tí wọ́n fi nǹkan bíi bébà fàdákà wé, gba ẹ̀bá ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Ìmọ́lẹ̀ ń lu páìpù, ó ń padà, ẹ̀rọ náà sì gbà pé dígí lòun ń wò. Iná àwọ̀ ewé ló wà lójú pánẹ́ẹ̀lì, gbogbo wa ti ń kí ara wa kú iṣẹ́. Ẹnjiníà tuntun tá a wá ń lò ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi aṣọ dúdú bo dígí náà pátápátá. Ó yẹ kí yẹ́lò tàn. Kò tàn. Wọ́n sún dígí àti ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n tún fi aṣọ bò ó, yẹ́lò tàn. Tó bá jẹ́ pé a ò ṣe bẹ́ẹ̀, èéfín ì bá gba iwájú dígí wa kọjá lọ, kí ẹ̀rọ náà máa wo páìpù rẹ̀ lọ ní tiẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú scaffold kẹ́ ẹ tó fojú ara yín rí i pé aṣọ dúdú tan yẹ́lò.

Àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ họ́ọ̀lù náà ń kọ́? Àwa sàmì sára òpó: bàlúùnù àti aṣọ dídán ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Ìdajì mítà yí ọ̀nà bíìmù ká gbọ́dọ̀ ṣófo. Olójú méjì ò ní wàhálà nǹkan dídán yìí, ojú ẹnì kejì rẹ̀ ló ń wò ní tààrà, mo sì gbà fún un.

Ìyókù, ní kíá

Wáyà: dígí ò lo wáyà, olójú méjì máa ń fẹ́ kẹ́ ẹ fa wáyà pupa tí iná kì í tètè jẹ yí ilé ká dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Oòrùn: ẹ má jẹ́ kí ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ dojú kọ fèrèsé ìwọ̀-oòrùn, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà. Iná NẸ́PÀ: bátìrì inú pánẹ́ẹ̀lì ni kẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò, kì í ṣe bíìmù. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó bá gbé ìtẹ́ sórí rẹ̀ ò mọ olójú kan yàtọ̀. Ẹ wo ara páálí rẹ̀ bóyá EN 54-12, ìlànà àwọn ará Yúróòpù fún bíìmù, wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ dá a padà. Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ inú ilé gba páìpù láti wá èéfín nínú rẹ̀ wà pẹ̀lú, ó dára, ìsàlẹ̀ ni àpótí rẹ̀ máa ń wà. Iye tí wọ́n pè é fún mi ló jẹ́ kí n ká ìwé náà padà.

Ọ̀rọ̀ eruku gùn díẹ̀. Bí eruku ṣe ń bo ojú wọn, àwọn méjèèjì máa ń ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn títí yóò fi kọjá agbára wọn, yẹ́lò á wá tàn. Lẹ́yìn ọyẹ́ la máa ń fi aṣọ rírọ̀ nu ojú àti dígí (dígí náà ń fẹ́ nínù, kí wọ́n má tàn yín). Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá nù ún, ẹnjiníà gbọ́dọ̀ tún un bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ṣì máa ṣírò eruku tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ti èéfín ìyàwó, kò sí èyí tó yè nínú wọn. Alága ìdúró ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ayé dìde, àwọn tó ń fi èéfín dárà tan ẹ̀rọ wọn, ìyàwó yọ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń bọ̀ láti ojú ọ̀run, èéfín náà gòkè gòkè, aláàmù dún. Ìyá ìyàwó di gèlè mú, ó ń sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ lè ní kí ẹ̀rọ dún tí ìmọ́lẹ̀ bá dín ní 25%, 35% tàbí 50%. 35% ni tiwa wà. Wọ́n rọ̀ mí kí n gbé e lọ sí 50%, mo kọ̀, torí iná gidi náà á ti dàgbà kó tó dún. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn họ́ọ̀lù: èéfín yìnyín gbígbẹ nìkan la gbà. Ìyẹn wúwo, ó tutù, ẹsẹ̀ ìyàwó ló máa ń rìn yí ká.

Èwo ni kẹ́ ẹ wá rà?

Tó bá jẹ́ ilé oníkọnkéré tí kì í nà lọ́sàn-án, tàbí ilé ẹrù tí páìpù àti irin dídán kún òkè rẹ̀, olójú méjì á ṣiṣẹ́ fún yín, èyí tá a rà sì dín lówó sí olójú kan tó ń yí ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ òrùlé páànù lórí irin gígùn, bí ọ̀pọ̀ họ́ọ̀lù tí wọ́n ń kọ́ láti Àsẹ̀rò títí dé Ọ̀bàntokò, ẹ wo iye tí scaffold jẹ́ ládùúgbò yín kẹ́ ẹ tó pinnu, ẹ sì fi mẹ́rin ṣe ìlọ́po rẹ̀.

Àwọn olójú méjì wa ṣì wà ní stóò, wọn ò bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọn, kó wá wò wọ́n. Mi ò fi scaffold kún un o.