Bentley 3 Litre, Vauxhall 30-98 àti Alvis 12/50: Èwo ni ìtàn àwọn tó ti ni ín ṣeé gbára lé jù?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọn ò tíì tún ṣe rí, tí ọ̀dà àti awọ ìjókòó rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan méjì ló ń rà: ọkọ̀ náà, àti orúkọ gbogbo ẹni tó ti ni ín láti ọjọ́ tó ti jáde nílé iṣẹ́. Bí a ṣe ń ra tòkunbọ̀ kọ́ nìyí, pé ká gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ká wo bọ́dì, ká dúnàá dúrà, ká wà á lọ. Tí ọkọ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti tún ṣe, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó tún un ṣe lo máa yẹ̀ wò. Èyí tí wọn ò tún ṣe, ìwé ló máa jẹ́rìí pé bó ṣe wà náà ló ṣe rí látilẹ̀.

Mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra. Ọkọ̀ ìrìn-àjò àwọn ọdún 1920 ni wọ́n, aláìlórí, tó jẹ́ pé tapólì ni wọ́n máa ń fà bò ó tí òjò bá dé.

Kọ́kọ́ mọ bí ìwé ọkọ̀ ṣe rí ní Bìrìtéènì. Láti 1904 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ ní nọ́ńbà, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń kọ tirẹ̀ sínú ìwé ńlá. Láti 1921, logbook bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ̀ rìn: orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ọkọ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́ ń wọ inú rẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ọ́fíìsì. Ní àwọn ọdún 1970 ni iṣẹ́ náà kó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan ṣoṣo ní ìlú Swansea, nígbà tó sì di 1983 wọ́n ti ìlẹ̀kùn àkọsílẹ̀ àtijọ́. Ọkọ̀ tó ti wà nínú gáréèjì láti 1955, tí ẹnikẹ́ni kò rántí kọ lẹ́tà nítorí rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ bọ́ nínú ìwé. Ó ṣeé gbà padà nípasẹ̀ fọ́ọ̀mù V765 tí ẹgbẹ́ àwọn onírú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rí àtijọ́ ni wọ́n máa béèrè, logbook náà ló sì lágbára jù. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi V5C, ìwé ọkọ̀ tí ìjọba ń fúnni lóde òní, nìkan tù ọ́ nínú. Orúkọ ẹni tí ọkọ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sára ìwé náà pé kì í ṣe ẹ̀rí pé òun ló ni ọkọ̀.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Bentley ló rọrùn jù láti tọpasẹ̀, òun náà ló sì rọrùn jù láti fi tan ènìyàn. Láti 1921 sí 1929, ó lé ní 1,600 irú rẹ̀ tó jáde ní Cricklewood ní Lọ́ńdọ̀nù. Chassis nìkan, ìyẹn férémù irin tí bọ́dì ń jókòó lé, ni ilé iṣẹ́ ń tà. Ilé iṣẹ́ mìíràn, bíi Vanden Plas, ló ń kan bọ́dì lé e. Wọ́n fi ọdún márùn-ún ṣe onígbọ̀wọ́ chassis náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbé ọkọ̀ wá. Púpọ̀ nínú àkọsílẹ̀ yẹn ṣì wà, kódà èyí tí wọ́n kọ lẹ́yìn tí Rolls-Royce ra ilé iṣẹ́ náà ní 1931.

Ibi tí ewu wà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí ọkọ̀ wọ̀nyí di ọjà pọ́ọ́kú, àwọn ènìyàn tú bọ́dì olórùlé tó wúwo dànù, wọ́n kan aláìlórí lé e bíi ti Vanden Plas. Wọ́n gé chassis kúrú. Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì 4½ Litre rọ́pò ti 3 Litre. Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti gbó báyìí débi pé lójú, wọ́n jọ ojúlówó aláìtúnṣe. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti 1925. Àárín 1945 sí 1970 ni mo máa ń lọ tààrà: ta ló ni ín nígbà náà, fọ́tò dà, rísíìtì dà? Tí ibẹ̀ bá ṣófo lórí Bentley, ìyókù ìtàn kò tíì tó owó tí wọ́n ń pè.

Ti Vauxhall yàtọ̀. 30-98 bẹ̀rẹ̀ ní 1913, ó parí ní 1927, ọdún méjì lẹ́yìn tí General Motors ra ilé iṣẹ́ náà. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò ju nǹkan bí 600 lọ. Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní Luton ló ń ta ọkọ̀ náà pẹ̀lú bọ́dì tó ń jẹ́ Velox, nítorí náà bọ́dì tí o máa rí lórí rẹ̀ kò sábà fa àríyànjiyàn bíi ti Bentley. Ojú omi ni ìtàn rẹ̀ ti ń já. Púpọ̀ wọn lọ sí Ọsirélíà, nọ́ńbà Bìrìtéènì wọn parẹ́, ìpínlẹ̀ tí wọ́n dé sì fún wọn ní tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ tó rà wọ́n kì í yára tà, orúkọ ìdílé kan lè gba ogún ọdún nínú ìtàn náà. Yẹ ẹ̀yìn bọ́dì wò dáadáa: àwọn kan gé e láti fi kó ẹrù oko, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni wọ́n wá kan òmíràn sí i.

Alvis 12/50 ni ti ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Coventry ni wọ́n ti ṣe é láti 1923 di 1932. Nọ́ńbà mẹ́ta ló ní, ti chassis, ti ẹ́ńjìnnì àti ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bá àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ mu, o ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Bọ́ǹbù ba ilé iṣẹ́ náà jẹ́ ní November 1940, síbẹ̀ àkọsílẹ̀ nípa ọkọ̀ wọn ṣì wà.

Ẹni tó bá rò pé ìwé kò tó nǹkan, kó gbọ́ ẹjọ́ tó wáyé ní ilé ẹjọ́ gíga Lọ́ńdọ̀nù ní 1990, lórí Bentley Speed Six tí wọ́n ń pè ní Old Number One, tó gba ìdíje ọkọ̀ Le Mans ní ilẹ̀ Faransé ní 1929 àti 1930. Wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lórí mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn, àwọn tó fẹ́ rà á wá ní àwọn ò rà á mọ́ torí pé irin tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ti ìgbà ìdíje. Adájọ́ Otton gbà pé díẹ̀ ló ṣẹ́ kù nínú irin àtijọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ní òun náà ni ọkọ̀ ọ̀hún, torí ìtàn rẹ̀ kò já rí. Olùtajà ló jàre.

Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, Vauxhall ni màá mú, kódà kí ọdún mẹ́wàá ṣófo nínú ìtàn rẹ̀. Àlàfo tí ẹni tó ń tà á jẹ́wọ́ sàn ju ìtàn gbọọrọ tí kò ní ìwé kan lẹ́yìn. Béèrè ìwé ní ojúlówó, kì í ṣe ẹ̀dà. Fi nọ́ńbà inú logbook wé èyí tó wà lára irin pẹ̀lú ojú ara rẹ. Kọ̀wé sí ilé ìkó-ìwé-pamọ́ ìbílẹ̀ tí nọ́ńbà náà ti wá. Wọ́n ti ju ìwé àwọn ibì kan nù, àmọ́ ti ibòmíràn ṣì pé. Tó bá sì jẹ́ ọkọ̀ olóògbé ni àwọn ọmọ ń tà, kí wọ́n fi ìwé ilé ẹjọ́ tó fún wọn láṣẹ lórí ogún náà hàn ọ́ kí o tó san kọ́bọ̀.