Ìwé Kan Ṣoṣo Lórí Tábìlì: Bí Iṣẹ́ Ìṣàfihàn EIA Ṣe Rí Lójú Ẹni Tó Lò Ó

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ dá kúárì sílẹ̀ nítòsí ibi tí èèyàn ń gbé, òfin ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ náà yóò ṣe sí omi, ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti àwọn ará ibẹ̀. Ìjábọ̀ àyẹ̀wò yìí ni wọ́n ń pè ní EIA. Kí ìjọba tó fọwọ́ sí i, wọ́n máa ń gbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 ní àwọn ọ́fíìsì kan, títí kan ti ìjọba ìbílẹ̀ tí iṣẹ́ náà yóò ti wáyé, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè wá kà á, kí ó sì kọ èrò rẹ̀ ránṣẹ́. Iṣẹ́ ìṣàfihàn yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí mo lò ó fúnra mi nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé kúárì wá sí ẹ̀bá abúlé ìyá mi, mo sì rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n ni kò mọ̀ pé ó wà rárá.

Òfin tí iṣẹ́ yìí dúró lé ni òfin nọ́ńbà 86 ti ọdún 1992, láyé ìjọba ológun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ kò ní í gbàgbé Kókò, ìlú etí omi tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní, níbi tí àṣírí ti tú ní 1988 pé wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá pàǹtí olóró wá láti Ítálì, tí wọ́n tò wọ́n sí àgbàlá ẹnì kan tí kò mọ ohun tó wà nínú wọn. Lópin ọdún yẹn kan náà ni ìjọba dá FEPA sílẹ̀, àjọ tí yóò máa dáàbò bo àyíká. Abala 7 òfin 1992 wá sọ ọ́ gbangba pé kí àjọ náà tó ṣe ìpinnu lórí iṣẹ́ kankan, ó gbọ́dọ̀ fún àwọn ẹ̀ka ìjọba, aráàlú, àwọn onímọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn láyè láti sọ tẹnu wọn. Mo mọyì abala yìí gan-an. Kì í ṣe ojúure ni wọ́n ń ṣe fún wa tí wọ́n bá ní ká wá kàwé náà. Ẹ̀tọ́ wa ni.

Ìkéde tó yẹ kó ta wá lólobó jáde nínú ìwé ìròyìn, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní ojú ewé tí kò sí ẹni tó máa ń kà á lábúlé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ló rí i, ó sì ti di ọjọ́ kẹsàn-án kí n tó dé ọ́fíìsì náà. Òṣìṣẹ́ tó gbà mí tọ́jú mi dáadáa. Ó fún mi ní àga, kò bi mí ní ẹni tó rán mi wá, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìwé kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì, ó ju 400 ojú ewé lọ, a ò gbọ́dọ̀ mú un jáde, kò sì sí ẹ̀rọ tí a lè fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ wá kà á yóò pàdánù iṣẹ́ oko ọjọ́ kan, yóò sì san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè ló dùn mí jù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn obìnrin tó ń pọnmi nínú odò tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀ kò lè ka ìlà kan níbẹ̀. Ojú ewé 12 péré ni àkótán tó wà níwájú ìwé náà. Kò sí ohun tó le nínú kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí wọ́n sì kà á ní ààfin Baálẹ̀. Nígbà tí n kò rí ẹni tó ṣe é, mo jókòó ọjọ́ mẹ́ta, mo ń fi Yorùbá sọ ọ́ sórí fóònù, mo sì ń fi ohùn náà ránṣẹ́ sí abúlé.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Nígbà tí àbúrò ìyá mi gbọ́ ibi tí mo ti kà á pé kò sí odò tó ń ṣàn ní agbègbè tí wọ́n fẹ́ ti fọ́ òkúta, ó pè mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ní, "Ṣé inú ọyẹ́ ni wọ́n wá ni?" Mo padà sídìí ìwé náà, mo wá ọjọ́ tí wọ́n bu omi àti erùpẹ̀ fún àyẹ̀wò: oṣù kìíní ni. Lóòótọ́, odò yẹn máa ń gbẹ ní oṣù kìíní. Tó bá sì di oṣù keje, ọmọdé kò lè dá a kọjá. Ohun tí a sì retí nínú irú iṣẹ́ ńlá báyìí ni kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó kọ ìwé náà ní ẹ̀rọ tó ń wọn eruku inú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó tú àṣìṣe wọn fó wà lọ́wọ́ obìnrin kan tó ti ń pọnmi níbẹ̀ láti ogójì ọdún.

Lẹ́yìn ìwé náà, wọ́n to àwòrán ìpàdé tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ará abúlé àti orúkọ àwọn tó wá. Mo kà á: èèyàn 43, obìnrin méjì. Àwọn tó lọ sọ fún mi pé wọ́n rò pé ìwé owó ọkọ̀ ni àwọn fọwọ́ sí. Ẹ bá mi wò ó o: ìbuwọ́lùwé yẹn ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí pé ìlú ti gbà.

Kò sí fọ́ọ̀mù tí a fi ń kọ èrò. Mo kọ lẹ́tà, àwọn ará abúlé 31 fọwọ́ sí i, mo ṣe ẹ̀dà méjì, mo sì takú títí wọ́n fi lu òǹtẹ̀ mọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ má fi òǹtẹ̀ yìí ṣeré, nítorí òun ni ẹ̀rí tí ẹ lè gbé lọ sí kóòtù pé ẹ ti sọ tẹnu yín. Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí Oronto Douglas, agbẹjọ́rò tó ń jà fún àyíká, gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gáàsì tí wọ́n ń sọ di olómi lọ sí kóòtù nítorí EIA, ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́, kí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó fagi lé ìdájọ́ yẹn. Ní 2018, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ṣí ilẹ̀kùn náà sí i fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká. Ìyà tó wà nínú òfin EIA fúnra rẹ̀ ni kò tó nǹkan mọ́: mílíọ̀nù kan náírà ni ìtanràn tó pọ̀ jù tí ilé-iṣẹ́ lè san, iye tí ọkọ̀ òkúta mélòó kan yóò pa wọlé.

Abala 9 sọ pé ìpinnu gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì lè rí i gbà. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sí ẹni tó fèsì lẹ́tà wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti padà lọ béèrè lẹ́ẹ̀mẹrin. Àìfèsì yìí ni àbùkù tó tóbi jù lára iṣẹ́ náà, ó burú ju ti ìwé kan ṣoṣo lọ, nítorí ẹni tó sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ èsì kò ní í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Máàkì 4 nínú 10 ni mo fún un, mẹ́ta nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti òfin náà fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ lò ó. Tí ẹ bá gbọ́ pé ìwé kan ti wà nílẹ̀ nítòsí yín, ẹ tètè lọ, ẹ kọ́kọ́ ka àkótán, ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, ẹ ka ìlérí tí wọ́n ṣe nípa eruku àti ìbúgbàù òkúta, kí ẹ tó wo orúkọ àwọn tó wá sí ìpàdé. Ẹ mú ẹni tó mọ ilẹ̀ náà dáadáa dání, ì báà má mọ̀wé.

Ní oṣù keje, láìsí ìkéde kankan, àwọn ọkùnrin mẹ́ta gbé ìgò àti páálí yìnyín wá sí abúlé, wọ́n ní àwọn fẹ́ bu omi odò. Wọn kò mọ ọ̀nà. Àbúrò ìyá mi ló ṣíwájú wọn dé etí odò.